Eegun Kì Í Dúró De Owó

Ọmọ mi, bí wọ́n bá yọ eyín lẹ́nu èèyàn, àlàfo ni ojú kọ́kọ́ ń rí, àlàfo yẹn náà sì ni ahọ́n ń wá kiri ní gbogbo òru, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó bá eyín lọ, èyí tó yẹ kó dunni jù kò hàn sójú, nítorí abẹ́ èrìgì ló wà: eegun àgbọ̀n tó di eyín náà mú láti ìgbà èwe ni, tí ó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́, láìro, láìwú, láìpariwo. Ọ̀rọ̀ eegun yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo sì ti rí ẹnu púpọ̀ ní ilẹ̀ Àwórì yìí tó ti ṣófo nígbà tí olúwa rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọdún.

Mo mọ bó ṣe máa ń rí fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láàárín Ṣàngó àti Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò títí dé ìhà Agbára, nílé-iṣẹ́ irin, ti ike, ti oúnjẹ àti ti bébà. Àárín iṣẹ́ òru ni akọ́kọ́rò máa ń gbéra, ẹ ó fi oògùn apàrora bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ ó fi iyọ̀ bò ó, ẹ ó fi àgbo bò ó, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú, tí ẹ ó wá sáré wọ ibi tó súnmọ́ jù, tí ẹ ó ní kí wọ́n bá yín yọ ọ́ dànù kíákíá kí ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. N kò bá yín wí lórí ìyẹn, nítorí ẹni tí ìrora òru ń jẹ kì í dúró gbọ́ ìwàásù. Gbólóhùn tó máa ń tẹ̀lé e ló ń kan mí lọ́kàn: “Bí Ọlọ́run bá pèsè owó, màá fi òmíràn sí i.” Ọmọ mi, owó lè dé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kó sì jẹ́ pé ibi tí wọ́n fẹ́ fi eyín tuntun náà sí kò ní ohun tí yóò dì í mú mọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé eegun tó yí gbòǹgbò eyín ká, torí eyín ni Ẹlẹ́dàá ṣe fi í síbẹ̀. Bí eyín ti ń jẹ iṣu, tó ń fọ́ ẹ̀pà, tó ń ya ẹran, agbára ìjẹun náà ń gba gbòǹgbò wọ inú eegun lọ, òun ló sì ń mú kí eegun máa tún ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí eyín bá kúrò, iṣẹ́ yẹn tán, ara ẹ̀dá kì í sì í bọ́ òṣìṣẹ́ tí kò níṣẹ́. Ògiri eegun tó kọjú síta, sí ìhà ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ló kọ́kọ́ ń lọ, nítorí òun ló fẹ́lẹ́ jù, pàápàá níwájú ẹnu lókè, níbi tí kì í fi bẹ́ẹ̀ nípọn tó mìlímítà kan. Ní ọdún 2003, Lars Schropp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Denmark gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí àwọn tí wọ́n yọ eyín kan fún, tí wọ́n sì ń wọn ibú eegun wọn fún oṣù 12. Kí ọdún tó yípo, nǹkan bí ìdajì ibú eegun náà ti lọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta àdánù yẹn ló sì ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Wò ó, oṣù mẹ́ta! Nígbà tí ìwọ ṣì ń sọ pé o máa rò ó wò, eegun ti rò ó tán, ó ti ń lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé ara fọwọ́ lẹ́rán. Bí eyín bá ti jáde, ẹ̀jẹ̀ á kún inú ihò, á sì dì, ẹ̀jẹ̀ dídì yìí tí ọ̀pọ̀ ń rò pé ìdọ̀tí ni, tí wọ́n ń fi omi ṣan dànù, òun gan-an ni ìpìlẹ̀ eegun tuntun. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹran tútù pupa tó kún fún òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín á ti máa gba ipò rẹ̀, láàárín oṣù kan sí méjì eegun tuntun tí kò tíì gbó á ti máa kún inú ihò náà, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wá máa le, tí yóò máa to ara rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà iṣẹ́ méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ èrìgì rẹ, inú ihò ń kún, ògiri ìta ń wọlé, gbogbo ọgbọ́n dókítà eyín lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì ju pé kí ó ran ti inú lọ́wọ́, kí ó sì dá ti ìta dúró dé ibi tó bá ṣeé ṣe.

Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ṣí kúrò kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, eegun á wà ní ìhòòhò, ìrora tó sì máa ń tẹ̀lé e lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹni tó bá rí i kì í gbàgbé. Ní ọdún 2006, Adéyẹmọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, èyí tí a mọ̀ sí LUTH, kọ ìròyìn lórí bí ojú ọgbẹ́ ṣe ń jiná lẹ́nu àwọn tí wọ́n yọ eyín fún. Ti ọ̀pọ̀ jù lọ jiná láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí tiwọn kò jiná bó ti yẹ, ìṣòro ihò tó ń ro yìí ló pọ̀ jù. Nítorí náà, fún odidi wákàtí 24 àkọ́kọ́, má ṣe fi omi yọ ẹnu, má tutọ́ tagbára-tagbára, má fi páìpù ike tẹ́ẹ́rẹ́ fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò, má mu sìgá, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ògógóró fún ọ pé kí o fi fọ ẹnu kí ó lè pa kòkòrò. Lọ́jọ́ kejì ni kí o bẹ̀rẹ̀ omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o gbé e sẹ́nu, kí o rọra yí orí, kí o sì jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Orín rẹ, má jù ú nù, ohun rere ni àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́, àmọ́ jẹ́ kó máa fọ àwọn eyín yòókù, kó jìnnà sí ojú ọgbẹ́ títí tí dókítà yóò fi sọ pé ó tó.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kó dúró sí ọ lọ́kàn jù, kí wọ́n tó yọ eyín rárá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí o tó la ẹnu, béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá eyín náà ṣì ṣeé tọ́jú, nítorí kò sí ohun tí ń pa eegun mọ́ tó eyín tí a bí mọ́ni. Bí kò bá sì ṣeé tọ́jú mọ́, sọ fún un kedere pé o ní in lọ́kàn láti fi ímpíláǹtì, eyín àtọwọ́dá tí wọ́n ń rì mọ́ inú eegun, síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, yóò sì mọ̀ pé kì í ṣe yíyọ lásán ni iṣẹ́ òun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: eyín tó ní gbòǹgbò mẹ́ta, wọ́n lè gé e sí ọ̀nà mẹ́ta, kí wọ́n yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, dípò kí wọ́n fi agbára fà á títí ògiri eegun yóò fi ya bá a jáde. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi ohun tí yóò di àyè mú sínú ihò náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì bò ó. Kò ní dá gbogbo àdánù dúró, ọmọ mi, n kò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù, díẹ̀ tó kù yẹn ló sì lè gbà ọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ kejì.

Kí ni wọ́n ń fi síbẹ̀? Èyí tó ti pẹ́ jù ni eegun ara ẹni, tí wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láti àgbọ̀n tàbí láti ẹ̀yìn párì. Èkejì ni eegun ẹlòmíràn tó ti kú, tí ó fi eegun rẹ̀ tọrẹ, tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Eegun màlúù tún wà, tí wọ́n ti yọ gbogbo ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀, tó fi ku ohun líle inú rẹ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí wọ́n fi èròjà calcium àti phosphate ṣe nílé-iṣẹ́. Gbogbo wọn, àtẹ̀gùn ni wọ́n jẹ́, eegun tìrẹ fúnra rẹ ni yóò gùn wọ́n wọlé. Ohun tí wọ́n fi ń bò ó lókè ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kí ẹran èrìgì tó ń yára hù má baà ṣáájú eegun tó ń lọ́ra gba àyè. Níbí yìí, jọ̀wọ́, la ẹnu béèrè: ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú awọ wọ̀nyẹn jáde. Mùsùlùmí ń bẹ nílé wa, àwọn ìjọ tí kì í fẹnu kan ẹlẹ́dẹ̀ náà ń bẹ. Irú tí wọ́n ti ara màlúù mú àti irú tí kì í ṣe ti ẹranko rárá wà, ó sì sàn kí o béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ju kí o gbọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti rán an pa.

O tún lè gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá rẹ, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yí i, kí wọ́n sì kó èyí tó dì níbẹ̀ sínú ihò eyín. Ọ̀nà gidi ni, ará Faransé kan, Joseph Choukroun, ló gbé e jáde ní 2001, ó sì dára fún jíjiná ẹran èrìgì. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé òun nìkan tó láti dá eegun dúró. Inú mi a sì máa dùn láti sọ ọ́ pé àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn tó ń walẹ̀ jìn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Adéyẹmọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun àti àwọn onímọ̀ ní Jámánì gbé ìwádìí jáde ní 2008, tí wọ́n fi eegun lé eegun àgbọ̀n àgùntàn, tí wọ́n fi awọ bo òmíràn, tí wọ́n fi eegun màlúù bo òmíràn, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ awò-ohun-tíntín wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jiná. Bí o bá dé Ìdí-Àràbà, má rò pé ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu òyìnbó nìkan ni wọ́n ń tún sọ fún ọ.

Wàyí o, ímpíláǹtì fúnra rẹ̀. Irin kékeré ni, tí wọ́n fi titanium ṣe, tí wọ́n gé bíi bóòtì, tí wọ́n ń yí wọ inú eegun níbi tí gbòǹgbò eyín wà tẹ́lẹ̀. Ìtàn bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n dùn ún gbọ́. Ní 1952, ní Yunifásítì Lund ní ilẹ̀ Sweden, dókítà kan tó ń jẹ́ Per-Ingvar Brånemark ń wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú eegun ẹsẹ̀ ehoro, ó sì fi ohun èlò kan tí wọ́n fi titanium ṣe síbẹ̀ láti fi wò ó. Nígbà tó fẹ́ yọ ohun èlò rẹ̀, kò yọ mọ́; eegun ti dì í mú bí ẹni pé ara rẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ì bá bínú pé ohun èlò òun ti bàjẹ́. Òun dúró, ó ronú, ó fi ọdún mẹ́tàlá dán an wò kó tó fi í sẹ́nu èèyàn àkọ́kọ́ ní 1965, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gösta Larsson, tí àgbọ̀n rẹ̀ ní àbùkù láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Larsson kú ní 2006, àwọn irin náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi wọ́n jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ń yọ́ irin ní Ọ̀tà mọ ohun tí ìpẹtà ń ṣe. Titanium, bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á fi ìwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ara rẹ̀, ìwọ̀ yìí kò jẹ́ kó dípẹtà, òun náà ló sì ń gba eegun láyè láti hù mọ́ ọn lára.

Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ ni í dọṣẹ. Nínú ìlànà Brånemark, oṣù mẹ́ta ni irin náà máa ń wà nínú àgbọ̀n ìsàlẹ̀ láìgbé ẹrù kankan, oṣù mẹ́fà ni ti òkè, nítorí eegun òkè rọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Lóde òní, dókítà lè gé àkókò náà kúrú fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọn bí irin náà ṣe dúró gírígírí tó ni, kì í ṣe nítorí pé ìyàwó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀. O ti rí i nígbà tí wọ́n bá da dẹ́kìn sílé alájà: gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kí wọ́n tú pákó kúrò, kí iṣẹ́ máa lọ, bíríkìlà tó mọṣẹ́ nìkan ló ń sọ pé rárá, ó kù. Bákan náà, bí irin ẹnu yẹn bá ń mì nígbà tí eegun ń gbìyànjú láti hù mọ́ ọn, ẹran rírọ̀ ni yóò hù yí i ká dípò eegun, irin tí ẹran rírọ̀ bá sì yí ká, yóò tú lọ́jọ́ kan ni. Ṣé o rí i báyìí, ọmọ mi, pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà ìyára, ó sì ní ìgbà sùúrù, ohun tó sì ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ni pé wọ́n ń ṣe sùúrù nígbà tí ó yẹ kí wọ́n yára, wọ́n á wá máa kánjú nígbà tí ó yẹ kí wọ́n dúró.

Bí o bá ti pẹ́ jù, tí eegun ti lọ, kò tíì parí. Wọ́n lè gé eegun láti ẹ̀yìn párì rẹ wá lẹ̀ mọ́ ibi tó fẹ́lẹ́, wọ́n sì lè rọra gbé ìsàlẹ̀ ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè eyín ẹ̀yìn sókè, kí wọ́n fi eegun sí abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, owó rẹ̀ pọ̀, oṣù rẹ̀ gùn.

Ara tí kò dá kì í tọ́ eegun. Sìgá ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù, àwọn tó ń mu ún sì ni ímpíláǹtì wọn ń yẹ̀ jù. Àtọ̀gbẹ tí a kò ṣọ́ ń fa ìjiná sẹ́yìn, nítorí náà lọ yẹ ṣúgà ara rẹ wò kí o tó náwó. Bí ó bá wà ní ìkáwọ́, àtọ̀gbẹ kò ní kí o má ṣe é. Bí ìyá rẹ ní ilé bá ń lo oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí eegun wọn ń fẹ́lẹ́, tàbí abẹ́rẹ́ eegun fún àrùn jẹjẹrẹ, kí ó dárúkọ rẹ̀ fún dókítà kí wọ́n tó yọ eyín kankan fún un, nítorí àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn lè mú kí eegun àgbọ̀n kọ̀ láti jiná lẹ́yìn yíyọ eyín. Bí èrìgì rẹ bá sì ń ṣẹ̀jẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Lọ sọ́dọ̀ ẹni tí MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀, ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Láti Ṣàngó, ọ̀nà Èkó já sí ilé ìwòsàn ńlá LASUTH ní Ìkẹjà, ó sì já sí LUTH. Bí o bá kọjú sókè, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Aba l'Abẹ́òkúta. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà yẹn mọ́ mi lára, mo sì tún ní kí o lọ. Bí agbára rẹ kò bá tíì ká ímpíláǹtì, eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ tí à ń fi kò ní ìtìjú nínú, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Kìkì pé eegun abẹ́ rẹ̀ yóò ṣì máa fà sẹ́yìn, nítorí náà yóò máa tú díẹ̀díẹ̀, wàá sì máa tún un ṣe.

Ti lẹ́nu iṣẹ́ náà wà. Bí irin tàbí ẹ̀rọ bá gbá ọ lẹ́nu tí eyín sì bọ́ odindi, di orí rẹ̀ mú, má fọwọ́ kan gbòǹgbò, má ha á, fi í sínú mílíìkì olómi, kí o sì wà níwájú dókítà eyín kí wákàtí kan tó pé bí ó bá ṣeé ṣe; wọ́n lè dá a padà sáyè rẹ̀, ìyẹn sì dára fún eegun ju ohunkóhun tí owó lè rà lọ. Lẹ́yìn náà, sọ fún ilé-iṣẹ́ rẹ. Òfin ọdún 2010 lórí òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí àjọ NSITF ń mójú tó, fún ọ ní ọjọ́ 14 láti sọ ọ́ fún ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, ó sì fún òun náà ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Òfin náà dárúkọ kásúà, ó dárúkọ ọmọ iṣẹ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ímpíláǹtì sí ọ lẹ́nu, béèrè fún ìwé kékeré tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i. Fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ. Irin ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà bá ti òmíràn mu, bí iṣẹ́ bá sì gbé ọ kúrò ní Ọ̀tà lọ sí Kánò tàbí sí ìlú òyìnbó, tí eyín orí rẹ̀ sì tú níbẹ̀, ìwé yẹn ni dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò wò kó tó mọ irinṣẹ́ tí yóò mú.